Ìtàn Yàrá Méjì

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Síbẹ̀, ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí a kì í rí níta lọ́jọ́ ọjà.

Láti ayé àtijọ́ ni ọjà Àpòmù ti lókìkí. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé nájà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá ti gbọ́ ariwo ọjà, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di etí, yóò sì máa ké. Àwọn kan ní emèrè ni. Ni wọ́n bá ń tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Yàrá kìíní nìyẹn.

Lọ́dún 1943, dókítà Leo Kanner ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ìṣe wọn jọra, ó sì pe ohun tó ń ṣe wọ́n ní ọ́tísíìmù. Lọ́dún 1978, Victor Lotter gbé ìwádìí jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ó rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà. Ọ́tísíìmù kì í ṣe èpè, kì í sì í ràn. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń gba ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́ àti èyí tí ara kàn ló yàtọ̀. Ariwo tí àwa kò kà sí lè dà bí ààrá létí rẹ̀.

Yàrá kejì bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Netherlands lẹ́yìn ọdún 1970. Jan Hulsegge àti Ad Verheul ń ṣiṣẹ́ ní De Hartenberg, ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò jí pépé. Wọ́n ṣètò yàrá tí iná aláwọ̀ mèremère, orin jẹ́jẹ́, ibùsùn rírọ̀ àti ohun tí a lè fọwọ́ pa wà. Wọ́n ń pè é ní Snoezelen. Nígbà tó yá, wọ́n ń lò ó fún àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù pẹ̀lú.

Yàrá yìí kì í wo ọ́tísíìmù sàn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2021, àwọn olùwádìí Yunifásítì Cardiff wo ọmọ 41 nínú irú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń tan iná àti orin, tí wọ́n sì ń pa á, ọkàn wọn túbọ̀ pa pọ̀ sójú kan.

Ní Nàìjíríà, Arábìnrin Dótun Akande dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2006 nítorí ọmọ tirẹ̀. Lọ́dún 2019, Ààrẹ buwọ́ lu òfin tó ní a kò gbọdọ̀ fi ojú burúkú wo àwọn aláàbọ̀ ara. Ṣùgbọ́n Èkó jìnnà sí Ìkirè àti Àpòmù. Kí ni kí ìyá tó ń kiri dòdò ní gáréèjì Ìkirè ṣe?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa, kò dìgbà tí a bá ra iná olówó ńlá. Ẹ jẹ́ ká kó àga tó ti kán kúrò nínú yàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká ta kọ́tìnì sí fèrèsé, ká tẹ́ ẹní àti fóòmù, ká gbé abọ́ iyanrìn síbẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí a má gbàgbé. Yàrá kìíní, ìta ni wọ́n ti ń tì í. Yàrá kejì, ọmọ ló ń yan ìgbà tí yóò wọlé àti ìgbà tí yóò jáde.