Lẹ́búlẹ́bú Ojú Egbò: Ìtàn Oògùn Sulfa ní Ìbàdàn Àtijọ́



Ní ìgbà èwe mi ní Bẹẹrẹ, bí ọmọdé bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta tí ẹ̀jẹ̀ jáde, Ọjà'ba nísàlẹ̀ òkè Mápó ni wọ́n ń ránni lọ láti ra hóró M&B. A ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó bu lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sójú ọgbẹ́, a ó sì fi àkísà dì í. Ìyá mi àgbà nìkan ni kì í gbà bẹ́ẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni òun yóò kọ́kọ́ fi fọ egbò náà títí ẹran pupa yóò fi hàn. A máa ń ké, a sì máa ń rò pé ìkà ni. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé ìtàn oògùn sulfa dá a láre.

Ilẹ̀ Jámánì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1932, Gerhard Domagk, òṣìṣẹ́ Bayer, rí i pé aró pupa kan, Prontosil, ń gba eku lọ́wọ́ kòkòrò streptococcus. Ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1935. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn onímọ̀ ní Institut Pasteur, Paris, fi hàn pé sulphanilamide tí ó ń yọ lára aró náà nínú ara ni ó ń ṣiṣẹ́. May & Baker ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú M&B 693 jáde ní 1938; ní 1944 ni wọ́n dá ẹ̀ka iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Báyìí ni orúkọ iléeṣẹ́ ṣe di orúkọ oògùn lẹ́nu wa.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn sójà Amẹ́ríkà a máa gbé lẹ́búlẹ́bú sulfa dání láti dà sójú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n kí ogun tó parí, ìwádìí àwọn oníṣẹ́-abẹ ti fi hàn pé dídà á bẹ́ẹ̀ kò dá ọgbẹ́ dúró kí ó má kẹ̀.

Kí ni ìdí? Kòkòrò àrùn nílò èròjà kan tí à ń pè ní PABA kí ó tó lè bí sí i. Sulfa jọ PABA. Ó ń gba ipò rẹ̀, kòkòrò kò sì lè pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọyún àti ẹran tí ó ti kú kún fún èròjà tí kòkòrò ń wá. Níbi tí oúnjẹ gidi bá ti pọ̀, ẹ̀tàn kò lè mú ẹnikẹ́ni. Mo rántí ọmọ kan ní agboolé wa: lẹ́búlẹ́bú náà gan bí èépá, ọyún sá sábẹ́ rẹ̀, ọmọ náà sì ń tiro títí ó fi dàgbà.

N kò sọ pé sulfa kò wúlò fún ojú egbò rárá. Ní 1968 ni Charles Fox mú sulphadiazine onífàdákà wá, ìpara fún ẹni tí iná jó. Ṣùgbọ́n ojú egbò tí a ti fọ̀ mọ́ ni à ń fi í pa.

Lónìí, mo ṣì ń rí àwọn tí ń tú kápúsù sójú egbò. Oògùn ti yí padà. Àṣà kò yí. Ẹ jẹ́ kí a mú omi àti ọṣẹ ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ti ń ṣe.