Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ ní Ìdí-Àràbà, 2014

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀? Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2014, Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Ó jọ ibà lásán. Dókítà Ameyo Adadevoh fura. Ìfura kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ní agbègbè Mushin tí Ládìpọ̀ náà wà, ìlànà PCR ṣe àdàkọ ègé àbùdá kòkòrò náà lọ́pọ̀lọpọ̀ títí ó fi hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà. 8 kú, Adadevoh pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti bọ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: ẹ̀rọ kì í wá ohun tí ènìyàn kò fura sí; ó sì yẹ kí ilé àyẹ̀wò wà nítòsí kí àrùn tó dé.