Òwú Tí Kì í Mu Aró

Òwú kan wà tí kò hù nínú oko, tí a kò sì rẹ́ lára àgùntàn. Ní 1941 ni J. R. Whinfield àti J. T. Dickson ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ Calico Printers' Association. ICI sọ ọ́ ní Terylene. DuPont ti Amẹ́ríkà sọ tirẹ̀ ní Dacron.

Inú epo rọ̀bì ni èròjà rẹ̀ ti ń wá. A ó yọ́ ọ bí ìda, a ó tì í gba ihò tín-ín-tín jáde, a ó sì fà á títí yóò fi yi. Agbára káká ni ó fi ń mu omi. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń tètè gbẹ. Kì í sì í rún, èyí tí àwọn akọ̀wé fẹ́ràn.

Ṣùgbọ́n ohun tí kì í mu omi, báwo ni yóò ṣe mu ẹlú? Bí aláró Abẹ́òkúta ri í bọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní í dú. Ẹni tí ó bá ń bú aláró pé kò bá ìgbà mu kò mọ òwú. Aró tirẹ̀ ń fẹ́ ooru bí ìwọ̀n 130 Sẹ́ńtígíréèdì, nínú ẹ̀rọ onírin tí a dé pa. Kò sí irú rẹ̀ ní agbo ilé aláró.