Ta Ni Yóò San Owó Òwú? Bouaké Lẹ́yìn Tí Ìjọba Yọwọ́ Nínú Òwò

Òwú ló sọ Bouaké di ìlú ilé iṣẹ́. Ojú irin tó ti Abidjan wá dé ibẹ̀ ní ọdún 1912, ilé iṣẹ́ aṣọ Gonfreville sì bẹ̀rẹ̀ sí í rànwú, ó ń hun aṣọ níbẹ̀, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní 1974, ìjọba Félix Houphouët-Boigny dá CIDT sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tí òwú gbogbo orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n sì fi olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí Bouaké. Ẹni tó ń gbé àdúgbò bíi Belleville ní Bouaké lè má gbin òwú rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́, owó awakọ̀ àjàgbé àti owó tí àgbẹ̀ ń ná lọ́jà ló gbé òwò rẹ̀ ró. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti Ẹjìgbò àti agbègbè rẹ̀ lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, àwọn tí onílẹ̀ ń pè ní Anago, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé bí àgbẹ̀ kò bá rówó gbà, aṣọ àti abọ́ kì í tà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ òwú níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko nìkan, Bouaké sì ni ibi tí èèyàn ti lè rí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ìjọba bá yọwọ́ nínú òwò.

Iṣẹ́ CIDT nígbà náà kò ṣòro láti lóye. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ń fún àgbẹ̀ ní irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò láwìn. Nígbà ìkórè, àwọn ará abúlé á kó òwú jọ sójú kan, wọn á gbé e sórí òṣùwọ̀n, akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn á kọ iye kílò sínú ìwé níṣojú olóko, ọkọ̀ àjàgbé ilé iṣẹ́ á sì wá kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ kóró rẹ̀. Wọn á yọ owó ajílẹ̀ kúrò, wọn á ka ìyókù lé àgbẹ̀ lọ́wọ́. Òwú forí lé èbúté Abidjan, kóró rẹ̀ di òróró. Ẹni tó yáni lówó ló ń rajà, òun náà ló ń sanwó. Ibẹ̀ ni agbára ètò náà wà, ibẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀ wà, torí pé iye tó bá wu ìjọba ni àgbẹ̀ ń gbà, kò sí ẹlòmíràn tó lè tà fún. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sunkún CIDT bí ẹni pé ìyá àgbẹ̀ ló kú.

Àìlówó ló sún ìjọba dé ibi tó ti ń ta dúkìá rẹ̀. Láti 1981 ni Côte d'Ivoire ti ń gba owó àtúntò ọrọ̀-ajé lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé àti IMF, gẹ́gẹ́ bí Nàìjíríà náà ṣe gba ètò àtúntò tirẹ̀, SAP, wọlé ní 1986. Iye owó kòkó àti kọfí já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Ní 1987, Houphouët-Boigny kéde pé òun ò lè san gbèsè mọ́. Ní 1989, wọ́n gé owó kílò kòkó láti 400 sẹ́fà, owó ilẹ̀ náà, sí 200. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Alassane Ouattara di olóòtú ìjọba, iṣẹ́ iná mànàmáná sì bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Ní January 1994 ni wọ́n wá gé sẹ́fà gan-an sí méjì: ọjà tí iye rẹ̀ jẹ́ fàráǹkì Farànsé 100, tó ń gba 5,000 sẹ́fà lánàá, di 10,000 lónìí. Ó ni ìyàwó ilé lára, ó sì ni aláte lára. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ta òwú, nítorí náà sẹ́fà tó ń wọlé lórí rẹ̀ pọ̀ sí i, owó àgbẹ̀ gòkè, oko òwú sì gbòòrò. Ẹni tó bá ń sọ pé ibi nìkan ni àtúntò náà mú wá kò ka ìwé ọjọ́ náà tán.

Ọdún 1998 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n pín CIDT sí mẹ́ta: Ivoire Coton, ilé iṣẹ́ aládàáni, gba ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn, LCCI, aládàáni bákan náà, gba àríwá ìlà-oòrùn, ìyókù sì wà lọ́wọ́ ìjọba. Kò pẹ́ tí àwọn olùrajà mìíràn fi wọlé. Àgbẹ̀ tó gba ajílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan wá lè gbé òwú rẹ̀ lọ tà fún òmíràn, gbèsè ẹni àkọ́kọ́ sì wà nílẹ̀. Nítorí èyí, ẹ̀rù àwìn bẹ̀rẹ̀ sí í ba ilé iṣẹ́. Ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ náà kò sì mọ́. Iye owó òwú já wálẹ̀ gidigidi lágbàáyé ní 2001 sí 2002, LCCI kò lè sanwó fún àwọn tó ti kó òwú fún un, kò sì sí aláṣẹ kankan tó lágbára láti fi dandan gba owó náà. Nígbẹ̀yìn, LCCI wó. Ní 2008 ni ilé iṣẹ́ Olam ra àwọn ilé ìyọ-kóró rẹ̀. Òwú tó súnmọ́ 400,000 tọ́ọ̀nù ní 1999 sí 2000 já sí nǹkan bí 120,000 ní 2007 sí 2008.

Wọ́n á ní ogun ló fà á. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 19 September 2002 lóòótọ́, Bouaké di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, báńkì tìlẹ̀kùn, òwú sì ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí Mali àti Burkina Faso títí di àdéhùn àlàáfíà Ouagadougou ní 2007. Ṣùgbọ́n agbègbè àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan náà ni Ivoire Coton wà, kò sì wó. Ogun lè sọ ìdí tí owó fi pẹ́. Kò lè sọ ìdí tí ilé iṣẹ́ fi lè jẹ àgbẹ̀ lówó láìsí ẹni tó máa bi í. Àwọn mìíràn á tọ́ka sí owó ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà ń fún àgbẹ̀ òwú tirẹ̀, èyí tí Bẹ̀nẹ̀, Burkina Faso, Mali àti Chad gbé lọ síwájú àjọ òwò àgbáyé, WTO, ní 2003. Ẹjọ́ náà tọ̀nà, àmọ́ ó ń gbè mí lẹ́yìn ni: ẹni tó ń kọ́ni pé kí a yọwọ́ kò yọ tirẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti kajú. Kajú kò ní CIDT kankan rí, síbẹ̀ Côte d'Ivoire kó ohun tó tó 700,000 tọ́ọ̀nù ní 2015, ó ṣíwájú gbogbo ayé, Olam sì ti dá ilé iṣẹ́ tó ń pa èèpo rẹ̀ sílẹ̀ ní Bouaké ní 2012. Ní Nàìjíríà náà, nígbà tí wọ́n tú àjọ tó ń ra kòkó ká ní 1986, owó gòkè lọ́wọ́ àgbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkó tí kò gbẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ òkun. Ìyàtọ̀ wà. Igi ni kajú, igi ni kòkó: ó wà lóko lọ́dún tó ń bọ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ yá olóko ní kọ́bọ̀. Ọdọọdún ni òwú ń béèrè irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn, àwìn ló sì ń gbé e. Bí a bá tú ọjà irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìkọ́kọ́ wá ẹni tó máa ṣọ́ àwìn náà, oko la tú ká.

Ìjọba fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní 2013, wọ́n gbé àjọ tó ń bójú tó òwú àti kajú dìde. Àjọ náà ló ń kéde iye tí olùrajà gbọ́dọ̀ san, wọ́n sì tún pín agbègbè fún àwọn ilé iṣẹ́ òwú, kí ẹni tó yáni ní ajílẹ̀ lè rí òwú rà. Ní ìkórè 2020 sí 2021, òwú Côte d'Ivoire ti kọjá 500,000 tọ́ọ̀nù. Iṣẹ́ tí ìjọba sọ sílẹ̀ ní 1998 ló padà wá gbé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà.