Ìwé Ẹ̀bẹ̀ tí Ọba Rọ́ṣíà Kò Gbà

Ìlú Kishinev, tí ó jẹ́ olú-ìlú orílẹ̀-èdè Moldova lónìí, wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà ní ọdún 1903. Kí ọdún Àjíǹde tó dé ní ọdún náà, wọ́n rí òkú ọmọdékùnrin Kristẹni kan ní ìlú kékeré kan ní agbègbè ibẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé ìbátan ọmọ náà ni ó pa á, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Bessarabets ti ń gbé e kiri pé àwọn Júù ni ó pa á láti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ètùtù. Irọ́ yìí ti wà ní Yúróòpù láti ayé àtijọ́, ẹ̀mí tí ó sì ti bá a lọ kò níye. Ní ọjọ́ Àjíǹde gan-an, èrò ya lu àdúgbò àwọn Júù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi pa ènìyàn, tí wọ́n fi wó ilé, tí wọ́n fi kó ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́pàá ń wò wọ́n, àwọn sójà kò sì dá sí i títí ó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Júù 49 ni ó kú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó fara gbọgbẹ́.

Ìròyìn náà dé òkèèrè, ó sì gbé ìbéèrè kan dìde tí olùkọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ fojú fò: bí ìjọba kan bá jẹ́ kí a máa fi ìyà jẹ àwọn ẹlẹ́sìn tí kò pọ̀ níye nínú ilẹ̀ tirẹ̀, kí ni ìjọba mìíràn lè ṣe sí i, èló ni ó sì fẹ́ ná sí i?

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn Júù tí ń jẹ́ B'nai B'rith kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ọba Nicholas Kejì, ènìyàn tí ó lé ní 12,500 sì fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé e tọ Ààrẹ Theodore Roosevelt lọ. Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, nítorí àṣà àwọn ìjọba ìgbà náà ni pé ohun tí ọba bá ṣe sí ará ìlú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ni. Àlejò kì í dá sí i. Rọ́ṣíà sì ti jẹ́ kí a mọ̀ pé òun kò ní gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. John Hay, tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà, wá dọ́gbọ́n. Ní Oṣù Keje ó tẹ wáyà sí aṣojú Amẹ́ríkà ní St. Petersburg pé kí ó lọ béèrè bóyá ọba yóò gba ìwé ẹ̀bẹ̀ kan, ó sì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà sínú ìbéèrè yìí. Rọ́ṣíà dáhùn pé rárá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ti di ìwé ẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé kà. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Hay kò retí ọmọlúàbí ní ààfin yẹn, ó sì fi odindi ránṣẹ́. Ìwé àkọ́kọ́ tí ó ní ìfọwọ́sí wá di ohun tí wọ́n kó pamọ́ sí ilé ìjọba ní Washington.

Ọgbọ́n náà dára, ó sì yẹ kí a yìn ín. Àmọ́ iye owó wáyà nìkan ni ó ná Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1905 ìpakúpa mìíràn bẹ́ sílẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlú ní Rọ́ṣíà; ní Odessa nìkan, Júù tí ó kú ju 400 lọ. Àwọn ará Rọ́ṣíà pàápàá kò ṣàì fi ìka tọ́ ohun tí ń lọ ní Amẹ́ríkà, níbi tí èrò ti ń so àwọn aláwọ̀ dúdú kọ́ igi láìsí ìgbẹ́jọ́, tí ìjọba àpapọ̀ kò sì ṣe òfin láti dá a dúró.

Àánú nìkan kọ́ ni ó sì ń ti Hay. Ní ọdún 1902 ó ti kọ̀wé ẹ̀hónú nípa bí Romania ṣe ń ni àwọn Júù lára. Ìdí pàtàkì tí ó fi siwájú ni pé ìnira náà ń lé àwọn òtòṣì wá sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn tí ó ń kùn sí yìí ni ó gba ẹ̀mí là ju ohun gbogbo tí ó kọ lọ. Láàárín ọdún 1881 sí 1914, bí mílíọ̀nù méjì Júù ni ó kúrò ní ìlà-oòrùn Yúróòpù lọ sí Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1911, Amẹ́ríkà gbìyànjú ohun tí ó ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Rọ́ṣíà kò ka ìwé ìrìnnà ará Amẹ́ríkà tí ó bá jẹ́ Júù sí. Nítorí èyí, Ilé Aṣojú-ṣòfin dìbò 301 sí ẹyọ kan pé kí a fòpin sí àdéhùn ìṣòwò ọdún 1832, Ààrẹ Taft sì kéde òpin rẹ̀. Òwò bà jẹ́ díẹ̀, ọba Rọ́ṣíà kò yí padà. Ìgbà tí a lé e kúrò lórí oyè ní ọdún 1917 ni a tó pa àwọn òfin tí ó de àwọn Júù rẹ́.

Nígbà tí ewu tí ó tóbi jù lọ fi dé, ilẹ̀kùn ti tì. Òfin ọdún 1924 ti dín iye àjèjì tí Amẹ́ríkà ń gbà kù púpọ̀. Ní Oṣù Keje 1938, orílẹ̀-èdè 32 pàdé ní Evian ní ilẹ̀ Faransé nítorí àwọn tí Hitler ń lé jáde. Wọ́n kẹ́dùn, wọ́n sì ṣàlàyé ìdí tí àyè kò fi sí lọ́dọ̀ àwọn. Dominican Republic nìkan ni ó sọ pé òun lè gba 100,000. Ààrẹ Trujillo tí ó sọ èyí sì ni àwọn sójà rẹ̀ pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Haiti ní ọdún 1937! Ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni ó padà tẹ̀dó síbẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọkọ̀ ojú omi St. Louis kó èrò 937 dé Havana. Kúbà dá èyí tí ó pọ̀ jù padà, Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì padà sí Yúróòpù. Nínú àwọn tí ó padà, 254 ni ó kú sínú ìpakúpa tí ó tẹ̀lé e.

Ní Oṣù Kẹjọ 1972, ìjọba Soviet pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè, tí ó sì fẹ́ kúrò nílùú, yóò san owó ńlá dípò ẹ̀kọ́ tí ó gbà. Àwọn Júù ni àṣẹ náà bá wí jù. Sẹ́nétọ̀ Henry Jackson àti aṣòfin Charles Vanik dá àbá pé orílẹ̀-èdè Kọ́múnístì tí kò bá jẹ́ kí ará ìlú rẹ̀ jáde kò ní rí àǹfààní ìṣòwò gbà ní Amẹ́ríkà. Henry Kissinger lòdì sí i, ó ní ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ ni ó dára jù. Nígbà tí àbá náà ṣì jẹ́ àbá, Moscow dẹ́kun gbígba owó náà. Nígbà tí ó di òfin ní Oṣù Kìíní 1975, Moscow bínú kọ àdéhùn ìṣòwò sílẹ̀. Àwọn Júù tí ó jáde, tí wọ́n tó nǹkan bí 35,000 ní ọdún 1973, wálẹ̀ sí nǹkan bí 13,000 ní ọdún 1975. Wọ́n gòkè sí 51,000 ní ọdún 1979, wọn kò sì tó 1,000 ní ọdún 1986. Ẹni tí ó bá wo iye yìí dáadáa yóò rí i pé bí àárín Washington àti Moscow bá ṣe gún sí ni ibodè ṣe ń ṣí sí.

Lábẹ́ Gorbachev, ibodè ṣí gbayawu; ní ọdún 1989, nǹkan bí 71,000 ni ó jáde. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún náà gan-an, Amẹ́ríkà, tí ó ti ń ké fún ọdún mẹ́tàdínlógún pé kí a jẹ́ kí wọ́n jáde, fi òté lé iye àsásálà tí òun yóò gbà láti ilẹ̀ Soviet: 50,000 lọ́dún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù kọjú sí Ísírẹ́lì, níbi tí àwọn tí ó ju 180,000 gúnlẹ̀ sí ní ọdún 1990.