Orin Oúnjẹ Àwọn Mẹ̀kúnnù Ìlú London

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, orin kì í wọ́n wa, oúnjẹ náà kì í wọ́n wa. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká sọ ìtàn àwọn kan tó fi oúnjẹ kọrin ẹ̀rín láyé àtijọ́.

Ní 1852, Charles Morton ṣí gbọ̀ngàn orin kan sí Lambeth ní London, Canterbury ni wọ́n ń pè é. Ìdí tábìlì làwọn èèyàn máa ń jókòó sí, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, olórin ń dá wọn lára yá. Kò pẹ́ tí irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ káàkiri. Àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń fi ọmọlanke ta ẹ̀fọ́, èso àti ẹja kiri ìgboro wà lára àwọn tó ń kún ibẹ̀.

Harry Champion ni ọ̀gá nínú orin oúnjẹ. Á wọ aṣọ gbígbó, á wá máa sáré kọrin bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ní 1909 ló gbé "Boiled Beef and Carrots" jáde, ìyẹn ẹran màlúù bíbọ̀ pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì. Kì í ṣe oúnjẹ ọlọ́lá o. Oúnjẹ tí gbogbo wọn mọ̀ nílé ni. Bí èèyàn bá gbọ́ orúkọ ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ lórí ìtàgé, á rẹ́rìn-ín, ojú ò sì ní tì í mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa, ta ló ń jẹ ẹran inú orin yẹn? Ní 1913, Maud Pember Reeves gbé ìwé jáde lórí àwọn ìdílé òṣìṣẹ́ ní Lambeth yìí kan náà, tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́sẹ̀ tó bíi pọ́n-ùn kan. Baálé tó ń lọ síbi iṣẹ́ ló ń jẹ ẹran jù. Búrẹ́dì ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ ìyá àtàwọn ọmọ. Orin ò sọ ìyẹn.

Àwọn tó ń kiri ọjà wá ńkọ́? Henry Mayhew kọ ọ́ ní 1851 pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń yáwó ra ọjà, tí èlé rẹ̀ ń tó 20 nínú 100 lọ́sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ o, kì í ṣe lọ́dún! Bí wọ́n ṣe ń jèrè ni olówó èlé ń gbà á.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Rochdale, lápá àríwá England, ti rí ọ̀nà mìíràn ní 1844. Wọ́n kó £28 jọ, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ti ara wọn, wọ́n ń ta ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là. Ojúlówó ọjà ni wọ́n ń tà. Bí oníkálukú bá ṣe rà tó ni wọ́n ń pín èrè fún un, ẹnì kan sì ní ìbò kan. Ọ̀nà tí wọ́n là yẹn làwa náà ń tọ̀.

Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ wa, alájẹṣẹ́kù: ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Orin ẹran ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, àmọ́ owó tí a jọ fi pamọ́ ló ń jẹ́ kí ẹran dé inú abọ́ ìyá àti ti ọmọ. Ẹ jẹ́ ká kọrin, ká jó, ká jẹun, ká má sì gbàgbé owó ìfipamọ́ oṣù yìí. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àmín.