Ológbò Erékùṣù Ìgòkè-re-ọ̀run

Ọjọ́bọ̀ tí a máa ń ṣe ìsìn Ìgòkè-re-ọ̀run níbí ní Àbújá, erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ọjọ́ náà: Ascension. Àárín òkun Àtìláńtíìkì ló wà, bíi 1,600 kìlómítà sí etíkun Áfíríkà. Àwọn Pọtogí ló sọ ọ́ lórúkọ náà ní 1503. Kò sí èèyàn níbẹ̀ nígbà náà, kò sì sí ẹranko tó ń pa ẹyẹ jẹ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán làwọn ẹyẹ òkun ń yé sí.

Ọkọ̀ òkun ló kó èkúté débẹ̀. Wọ́n máa ń tọ́ka sí ọkọ̀ William Dampier tó rì síbẹ̀ ní 1701. Ní 1815, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ṣọ́jà lọ síbẹ̀ nítorí Napoleon, tí wọ́n fi sí àhámọ́ ní Saint Helena. (Nígbà tó yá, àwọn ọkọ̀ tó ń gbógun ti òwò ẹrú létíkun wa, irú èyí tó gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ ní 1822, ń dúró níbẹ̀ kó oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa.) Èkúté ń yọ wọ́n lẹ́nu, ni wọ́n bá kó ológbò dé.

Ta ni ò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Àmọ́ ológbò tó rí ẹyẹ tó sàba lé ẹyin nílẹ̀, kí ló fẹ́ máa lé eku kiri fún? Wọ́n sá wọ igbó, wọ́n ń bí sí i, wọ́n ń pa ẹyẹ. Ẹyẹ ńlá dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní frigatebird. Akọ rẹ̀ ní àpò pupa lọ́fun, irú rẹ̀ kì í sì í pamọ níbòmíràn láyé. Ó pa erékùṣù náà tì. Àpáta kékeré kan nínú omi, Boatswain Bird Island, tí ológbò kò lè dé, ni wọ́n há sí fún ohun tó lé ní 150 ọdún.

Ní 2001, RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi májèlé àti pàkúté pa àwọn ológbò igbó. Èyí tí wọ́n ń sìn nínú ilé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n èmi ò rí ọ̀nà mìíràn. Ní 2006 wọ́n kéde pé kò sí ológbò igbó mọ́. Ní 2012, frigatebird tún yé sórí erékùṣù ńlá náà, ìtẹ́ méjì péré.

Àwọn àgbà ní bí ológbò bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté. Ní South Georgia, lápá gúúsù pátápátá, hẹlikópítà ni wọ́n fi da májèlé sílẹ̀ títí eku fi tán. 2018 ni wọ́n kéde ìyẹn. Ti Ascension ò tíì rí bẹ́ẹ̀. Èkúté tí wọ́n torí ẹ̀ kó ológbò wá ṣì wà níbẹ̀, ó ń jẹ ẹyin.